Ọ̀nà Ló Jìn

Láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé Heathrow ní London, nǹkan bíi kìlómítà 5,000 ni. Bàálù tó bá lọ tààrà láìyà síbì kankan máa ń lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀. Tẹ́ ẹ bá bi fóònù yín, kíá ló máa dáhùn, torí pé ìṣirò ẹ̀ ò le. Kóòdù ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe é. Gbogbo ibi tó wà láyé ló ní nọ́ńbà méjì tó ń tọ́ka sí i. Ti Ìkẹjà jẹ́ 6.58 sí àríwá àti 3.32 sí ìlà-oòrùn. Ti Heathrow jẹ́ 51.47 sí àríwá àti 0.45 sí ìwọ̀-oòrùn. Kọ̀ǹpútà á mú ayé bíi bọ́ọ̀lù kan, tí àárín ẹ̀ sí etí ẹ̀ jẹ́ kìlómítà 6,371, á wá wọn ọ̀nà tó kúrú jù lọ lórí bọ́ọ̀lù yẹn láti ibi àkọ́kọ́ dé ibi kejì. Èsì tó máa gbé jáde ni ìdá kan nínú mẹ́jọ àyíká ayé. Gbogbo kóòdù tó ń ṣe é ò ju bí ìlà mẹ́wàá lọ.

Mo fẹ́ràn ìṣirò yẹn torí pé kì í ṣègbè. Ṣùgbọ́n àwa èèyàn máa ń fi èsì ẹ̀ dá ẹjọ́ tí òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ẹjọ́ wo nìyẹn? Ní Akówọnjọ tí mò ń gbé, tí wọ́n bá fa okùn tààrà, pápákọ̀ yẹn ò tó kìlómítà mẹ́wàá sí wa. Ohùn bàálù kì í ṣe nǹkan tuntun létí ọmọdé àdúgbò wa. Láti Ṣàṣá dé Ẹ̀gbẹ́da, ó ṣòro kéèyàn ka ojúlé mẹ́wàá kó má kan ilé tí ọmọ wọn kan ti jápa. Ọjọ́ tí bàbá bá kú nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sin ín, tí wọn ò rí àkọ́bí níbi ìsìnkú, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó jókòó lábẹ́ kánópì: "Ṣé London yìí náà ni? Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ péré!" Ẹlòmíì á tún fi kún un pé ẹni tó kúrò ní Akówọnjọ lọ sí Ajah nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí òjò rọ̀ lè pẹ́ lójú ọ̀nà bí ẹni tó ń lọ sílùú òyìnbó. Irọ́ kọ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí "péré" yẹn ń sọ. Ó ń sọ pé ọ̀nà ò jìn, pé ọkàn ọmọ náà ló jìn.

Ẹ̀sùn ńlá nìyẹn nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn àgbà ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ọmọ tí kò wá sin bàbá ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bàbá di ẹni tí kò bímọ. Torí náà, ìbéèrè tó wà níwájú wa kì í ṣe kékeré: ṣé jíjìn ọ̀nà lè dá èèyàn láre? Ṣé gbèsè tí mo jẹ ìyá mi máa ń dín kù bí kìlómítà ṣe ń pọ̀ sí i?

Lójú tèmi, a ò lè dáhùn ìyẹn láìkọ́kọ́ béèrè pé jíjìn wo là ń sọ. Torí pé mẹ́ta ni wọ́n.

Èkíní ni ti ilẹ̀, èyí tí kọ̀ǹpútà ń wọ̀n. Kò sẹ́ni tó lè bá ìyẹn du nǹkan kan. Bó ṣe wà láyé àwọn bàbá ńlá wa náà ló ṣe wà títí dòní.

Ìkejì ni ti àkókò, èyí sì ti yí padà gan-an. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Aureol bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Liverpool ní 1951, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni èrò inú ẹ̀ ń lò lórí òkun. Ọmọ tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ òfin nígbà yẹn, tí bàbá ẹ̀ bá kú nílé, kò sẹ́ni tó máa retí ẹ̀ níbi ìsìnkú. Kó tó débí, ilẹ̀ á ti gbẹ lórí sàréè. Kò sẹ́ni tó máa pè é lọ́mọ burúkú, torí pé ohun tí kò ṣeé ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bàálù ló wá sọ àìwá di ẹ̀sùn. Bí ọ̀nà ṣe ń kúrú lohun tí à ń retí lọ́wọ́ ara wa ń gùn. A máa ń rò pé ẹ̀rọ tó ń súnni mọ́ra máa ń mú ìrọ̀rùn nìkan wá, àmọ́ ó tún máa ń di gbèsè tuntun rù wá. Ẹni tí apá ẹ̀ gùn sí i, ohun tí wọ́n máa ní kó gbé náà máa pọ̀ sí i.

Ìkẹta ni ti àṣẹ, òun sì ni àwọn tó wà lábẹ́ kánópì kì í kà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ìjọba ti pápákọ̀ Èkó pa fún àwọn bàálù tó ń ti òkè òkun wá. Ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó tún un ṣí. Láàárín oṣù márùn-ún yẹn, Heathrow ò sún kúrò níbi tó wà. Kìlómítà 5,000 náà ni. Bàálù náà ò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fò. Síbẹ̀, ojú fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti wo bí wọ́n ṣe ń bo òbí wọn mọ́lẹ̀.

Àrùn lọ, àṣẹ ò lọ. Ẹni tó ti kọ̀wé béèrè fún ìgbélùú ní Britain, tó ń retí èsì, tó bá jáde nílùú kí èsì tó dé, wọ́n lè kà á sí pé ó ti fa ìwé ẹ̀ sẹ́yìn. Ó lè wọ bàálù lálẹ́ òní kó sì dé Ìkẹjà kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Pípadà ni kò sí. Gbogbo ohun tó ti fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó jọ, tó fi mọ́ owó tó ń fi ránṣẹ́ fún oògùn ìyá tó ṣẹ́kù, á wọlẹ̀ pẹ̀lú bàbá. Tá a bá fi ìyẹn sórí òṣùwọ̀n, ṣé wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ la ṣì ń sọ?

Ẹ tún wo èyí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, òfin ìjọba Britain bẹ̀rẹ̀ pé kí àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà má mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wọn dání mọ́. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọ̀nà tó wà láàárín ìyá àti ọmọ gùn sí i, ilẹ̀ ò sì mì. Nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà, láti Èkó dé London àti láti London dé Èkó, ọgbọọgba ni. Nínú ayé tí à ń gbé, kò rí bẹ́ẹ̀. Kódà afẹ́fẹ́ òkè mọ̀ bẹ́ẹ̀: bàálù tó ń ti Èkó lọ New York máa ń pẹ́ ju èyí tó ń bọ̀ lọ, torí pé láti ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́ níbi gíga tó ń gbà. Lílọ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú bíbọ̀.

Òwe kan wà tí mi ò rí irú ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí: ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba. Nígbà tí ẹrú ṣì wà nínú agboolé, ó máa ń dà bíi pé kò lẹ́nìkan. Kò sí ẹni tó ń wá bẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ẹni tó ń bèèrè ẹ̀. Ó rọrùn kí wọ́n wò ó kí wọ́n ní bóyá ilẹ̀ ló ti hù. Òwe yìí ní rárá o, baba ń bẹ. Ọ̀nà ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé jíjìn máa ń fi nǹkan pamọ́, kì í sọ ọ́ di ohun tí kò sí.

Ẹni tó gbé òwe yẹn láyé ni Samuel Ajayi Crowther. Ní 1821, wọ́n kó o lẹ́rú ní Ọ̀ṣoogùn. Wọ́n tà á látọwọ́ dọ́wọ́ títí wọ́n fi kó o sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí. Ní 1822, àwọn ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ó kàwé níbẹ̀, ó débi tó di àlùfáà. Ní 1846, ó tún rí ìyá ẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láàárọ̀ ní Ọ̀ṣoogùn lónìí, oòrùn ò ní wọ̀ kó tó dé Abẹ́òkúta. Àmọ́ jíjìn tó wà láàárín ìyá àti ọmọ yìí, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Kò sí máàpù tó máa fi ìyẹn hàn yín. Ọmọ tó lọ ti di àgbàlagbà tó ní ìyàwó àti ọmọ, ó sì ń sìn nínú ẹ̀sìn tí ìyá ò mọ̀. Síbẹ̀ ìyá ni ìyá, ọmọ ni ọmọ. Ọ̀nà ló jìn.

Onímọ̀ kan wà, Peter Singer, ọmọ ilẹ̀ Australia, tó kọ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1972 lórí ìyàn tó ń pa àwọn èèyàn ní Bengal. Ohun tó sọ ni pé tí ọmọdé kan bá ń kú lọ nínú adágún omi lójú ọ̀nà mi, mo gbọ́dọ̀ fà á jáde, aṣọ mi ìbáà bàjẹ́. Àti pé tí ọmọ náà bá wà lọ́nà jíjìn, tí owó mi sì lè gbà á là, ọ̀ràn náà ò yí padà. Ó ní jíjìn ò já mọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ ohun tó tọ́. Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀ débì kan. Èèyàn ò di ẹdinwó torí pé ó jìn. Àwọn tó pa òwe ẹrú ti sọ ìyẹn tipẹ́.

Àmọ́ àpẹẹrẹ Singer ò tó fún ìṣòro tiwa, torí ohun tí owó lè ṣe ló ń sọ, owó sì máa ń rìn. Àjọ World Bank ṣírò pé owó táwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lẹ́yìn odi fi ránṣẹ́ sílé ní 2023 sún mọ́ bílíọ̀nù 20 dọ́là. Owó yẹn ń san owó ilé, ó ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé ìwé. Kí ẹnikẹ́ni má fojú tín-ín-rín ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ò lójú. Owó ò lè rí i pé Màmá ti ń di ògiri mú kí wọ́n tó dìde. Owó ò lè mọ̀ pé ẹ̀bà tí wọ́n gbé síwájú wọn lálẹ́ àná, ìdajì ẹ̀ ló padà sí kíṣìnnì. Ẹni tó ń gbé nítòsí máa rí gbogbo ìyẹn láìbéèrè. Ẹni tó jìn ò ní rí i àfi tó bá mọ ohun tó yẹ kó bèèrè.

Ẹ wá ro ti obìnrin kan tó ti Akówọnjọ lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú ní Manchester. Láàárọ̀, ó ń wẹ ìyá oníyàá, ó ń ya irun fún un, ó mọ ọjọ́ tí oúnjẹ ò wù ú. Ìyá tiẹ̀ wà nílé, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbowó oṣù ló ń wẹ̀ ẹ́, látinú owó tí obìnrin yìí rí níbi tó ti ń wẹ ìyá oníyàá. Kò sí ẹni tó ṣe ibi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá òyìnbó náà yẹ lẹ́ni tí à ń tọ́jú. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká díbọ́n pé nǹkan kan ò sọnù. Àkíyèsí ló sọnù, àkíyèsí sì ni ohun kan tó ṣòro jù láti fi ránṣẹ́.

Torí náà, ohun tí mo gbà gbọ́ rèé: jíjìn kì í pa gbèsè rẹ́, bí a ṣe ń san án ló ń yí padà. Ẹni tó wà nítòsí ń fi ara san, ẹni tó wà lókèèrè gbọ́dọ̀ fi ìbéèrè san kó tó kan owó. Níbi iṣẹ́ wa, tí ẹ̀rọ méjì bá jìnnà síra, a máa ń jẹ́ kí ọ̀kan kí ìkejì ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Tí ìkíni bá pẹ́ jù kó tó dé, a ó ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ kí nǹkan tó bàjẹ́ tán. Ìyá wa kì í ṣe ẹ̀rọ, torí náà wọ́n mọ irọ́ ìfẹ́ pa. Tẹ́ ẹ bá ní "Màmá, ṣé dáadáa ni?", wọ́n á ní "Àlàáfíà ni, ọmọ mi, ẹ má da ara yín láàmú." Ẹni tó jìn ní láti kọ́ ìbéèrè tí "àlàáfíà ni" ò lè dáhùn. "Kí lẹ jẹ lálẹ́ àná? Ta ló bá yín ra oògùn? Ìgbà wo lẹ jáde kẹ́yìn?" Iṣẹ́ ni. Ẹni tó jìn tí kò ṣe é, ọ̀nà kọ́ ló dá a dúró.

Ẹni tó wà nílé ńkọ́? A kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ tiẹ̀. Òun ni wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp ní aago mẹ́fà àárọ̀ pé kó gbé Màmá lọ sí ọsibítù. Òun ló ń sùn lórí ẹní ní wọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ tó yẹ kó gbà ní Abuja, kò gbà á. Lọ́jọ́ tí Màmá bá ń ṣọjọ́ ìbí, alága ìnáwó á gba máíkì, á ní ká pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó wà ní London tó ra màlúù. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Owó òkèèrè ló tó pẹpẹ, ọwọ́ ẹni tó wà nílé ló wọ kèrègbè. Kò yẹ kí a máa pàtẹ́wọ́ fún ọ̀kan kí a máa rán ìkejì níṣẹ́. Ẹ sì má gbàgbé pé ẹlòmíì wà nítòsí tó jìn. Ọmọ tó wà ní Ajah tí kò yọjú láti ọdún Àjíǹde, tó ń sọ pé sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ni, kò sí ìjọba tó gba ìwé ìrìnnà ẹ̀.

Ẹnì kan lè ní, "Ta ló ní kó jápa? Ẹni tó yan ọ̀nà yan ohun tó wà lójú ọ̀nà." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ ní 2019 ò mọ̀ pé 2020 ń bọ̀. Kò sí ẹni tó ń yan gbogbo gééètì tí wọ́n máa wá kọ́ sójú ọ̀nà lẹ́yìn tó ti kọjá. Ohun tó wà níkàáwọ́ ẹ̀ ni ohun tí ìdílé sọ kó tó wọ bàálù. Ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń gbàdúrà ìrìn-àjò, wọ́n á ya fọ́tò ní pápákọ̀, kò sì sí ẹni tó máa bèèrè pé: tí Bàbá bá kú kí ìwé ẹ tó jáde, kí la máa ṣe? Wọ́n gbà pé ẹnu burúkú ni. Ìdí nìyẹn tí òkú fi ń sùn ní mọ́ṣúárì fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, tí ilé ń jà, tí àwọn kan ní ká dúró dè é, tí àwọn kan ní ká sin ín. Ìbá jẹ́ pé bàbá fúnra wọn ti sọ ọ́ nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ pé, "Ẹ má dúró. Kó jókòó síbi tó wà, kó máa tọ́jú ìyá ẹ̀," ọmọ yẹn á sunkún, àmọ́ kò ní gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tiẹ̀ títí dọjọ́ alẹ́.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, mẹ́rin nínú àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan. Ní Èkó, áàpù bánkì ò ṣí, ìpè WhatsApp ń já. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ìyẹn sí ìgbà tí òfin Britain lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, London jìnnà sí wa lọ́nà méjì, kìlómítà ò sì lé ẹyọ kan. Wọ́n tún okùn ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn, torí pé àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣọ́ okùn náà. Okùn tó wà láàárín èèyàn náà nílò ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Orúkọ àdúgbò wa pàápàá, "kó wọn jọ" letí mi máa ń gbọ́ nínú ẹ̀, kíkó èèyàn jọ kì í sì í ṣe iṣẹ́ bàálù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábẹ́ kánópì, kẹ́ ẹ tó sọ "péré," ẹ kọ́kọ́ wádìí èwo nínú jíjìn mẹ́ta ló dá ọmọ náà dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ọ̀nà tó ń dá yín láre lórí wíwá ò dá yín láre lórí bíbèèrè. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó pe Màmá, ẹ kọ́kọ́ pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tó ń gbé pẹ̀lú wọn. Ẹ má rán an níṣẹ́. Ẹ bi í bí ara òun fúnra ẹ̀ ṣe le sí, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ.